Kẹ́ ẹ tó mòòkùn: omi Ògùn kọ́ lomi òkun

Ìbéèrè kan wà tí wọ́n máa ń bi mí, kódà kí n tó jókòó tán, bí wọ́n bá ti lè gbọ́ pé mòòkùn ni mò ń kọ́ àwọn èèyàn l'Abẹ́òkúta níbí: "Ẹ̀gbọ́n, ìṣẹ́jú mélòó lẹ lè lò lábẹ́ omi?" Mo ti pinnu pé mi ò ní dáhùn ẹ̀ mọ́. Kì í ṣe pé ojú ń tì mí o, ìbéèrè yẹn gan-an ló ń pa àwọn èèyàn ni. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bi mí ni pé irú omi wo ni mo fẹ́ wọ̀ lónìí, àti pé ta ló ń wò mí látòkè.

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tí mo ti kọ́ ọ fún yín. Lafẹ́nwá la gbé nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi Ògùn bá ti fà, tí àwọn àpáta ti yọrí, a máa ń lọ síbì kan tó jìn díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, kò ju mítà 3 sí 4 lọ, ẹnì kan á ju òkúta funfun sí i, ẹni tó bá gbé e jáde ló jẹ. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ òkúta kúrò ńbẹ̀, ó di ta ló máa pẹ́ jù. Ọ̀rẹ́ mi kan ti gbọ́ níbì kan pé téèyàn bá kọ́kọ́ mí fìì fìì fìì bí ogún ìgbà kó tó wọlé, á pẹ́ dáadáa, ló bá ṣe é. Ó pẹ́ lóòótọ́. À ń kà, à ń pariwo, inú wa ń dùn, ìgbà tó máa yọ báyìí, orí ẹ̀ ti jáde, ọwọ́ kan ti jáde, ló bá kàn rọ̀ wọ̀ọ̀ bí aṣọ tí wọ́n rẹ sómi, ó tún ń rì padà. Bọ̀ọ̀dá kan tó ń fọ mọ́tò létí odò ló bẹ́ wọlé tó fà á lápá jáde. Nígbà tí màmá mi gbọ́, wọ́n ní Yemọja ló fẹ́ mú un. Yemọja ló ni odò Ògùn, mi ò bá màmá mi jiyàn ìyẹn. Àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ara ọmọ yẹn, ọdún púpọ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ ọ́n, òun ni mo sì fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Ṣẹ́ ẹ rí i, tẹ́ ẹ bá sé èémí, ohun tó ń mú kó máa ṣe yín bíi kẹ́ ẹ mí kì í ṣe pé ọ́síjìn ti tán. Afẹ́fẹ́ tí ara ti lò tán, tó yẹ kẹ́ ẹ tú jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní carbon dioxide, òun ló ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, tó wá ń ta ọpọlọ jí pé ó ti tó o, ẹ mí. Òun ni àyà fi máa ń há, òun ni ikùn fi máa ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n. Tẹ́ ẹ bá wá ń mí fìì fìì kẹ́ ẹ tó wọlé, ọ́síjìn tẹ́ ẹ fi kún un ò tó nǹkan, torí pé ẹ̀jẹ̀ ẹni tára ẹ̀ le ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún fún ọ́síjìn tẹ́lẹ̀, àmọ́ ẹ ti da carbon dioxide yẹn nù, ìyẹn ni pé ẹ ti pa aláàmù. Ó dà bí ẹni tó já wáyà géèjì epo mọ́tò ẹ̀ tó wá ń yangàn pé epo òun kì í tán, á gbéra níbí pé òun ń lọ Èkó, mọ́tò á kú mọ́ ọn lọ́wọ́ l'Ewékorò. Ìyàtọ̀ tó wà ńbẹ̀ ni pé èèyàn lè sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò.

Ìdí tó fi jẹ́ pé òkè ni dídákú yìí ti máa ń ṣẹlẹ̀, tí kì í sábà jẹ́ ìsàlẹ̀, ó ní ìtumọ̀. Ẹ mú ike kóòkì òfìfo, ẹ dé e pa, ẹ gbé e wọnú omi lọ, bẹ́ ẹ ṣe ń lọ sílẹ̀ lá máa fún pọ̀. Bó ṣe ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró yín náà nìyẹn. Ẹni tó mí lítà 6 sínú lókè, tó bá dé mítà 10, omi ti tẹ̀ ẹ́ di lítà 3, ní mítà 20 ó ti di 2, ní mítà 30 ó ku 1 àtààbọ̀. Kò sóhun tó sá lọ nínú afẹ́fẹ́ yẹn o, wọ́n kàn tẹ̀ ẹ́ pọ̀ ni, títẹ̀ yẹn ló sì ń ti ọ́síjìn wọnú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà tẹ́ ẹ bá wà nísàlẹ̀ ara yín á balẹ̀, ẹ ó máa rò pé ẹ ṣì lè fi kún un. Tẹ́ ẹ bá wá ń bọ̀ lókè, ike kóòkì ń tú padà, agbára tó ń ti ọ́síjìn wọnú ẹ̀jẹ̀ ń relẹ̀, láti mítà 10 dé ojú omi nìkan, ìdajì ẹ̀ ló lọ. Iná ọpọlọ á kàn ṣẹ́jú, ó tán. Kì í dunni, kì í ní àmì, ọ̀pọ̀ ẹni tó ti ṣe rí ò mọ̀ pé ó ṣe àwọn, wọ́n á ní ṣebí àwọn jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ ni. Ẹ má sì rò pé ibi tó jìn nìkan ni o, nínú súwímíìnì púùlù hòtẹ́ẹ̀lì tí omi ò ju àyà lọ, tẹ́ ẹ bá ti pa aláàmù yẹn, ó lè ṣẹlẹ̀.

Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Àwọn àgbà sọ ọ́ tán pátápátá. Natalia Molchanova, obìnrin ará Rọ́ṣíà, ó ní world record 41 nínú iṣẹ́ yìí, ní August 2015 ó wọ omi ní Formentera ní Sípéènì, kì í ṣe ìdíje, kì í ṣe nǹkan tó le fún irú ẹ̀, wọn ò rí i mọ́ títí dòní. Mo máa ń sọ ìtàn yẹn fún ẹni tó bá sọ fún mi pé òun ti ń wẹ̀ láti kékeré.

Nítorí náà òfin mi ò pọ̀, àmọ́ mi ò kì í dúnàádúrà lé e lórí. Ẹnì kan wọlé, ẹnì kan wà lókè. Kì í ṣe kẹ́ ẹ jọ wọlé pa pọ̀, kí kálukú máa lépa ẹja tiẹ̀, ìyẹn ò yàtọ̀ sí pé ẹ dá lọ. Ẹni tó wà lókè ń fojú tẹ̀ lé e, tó bá sì ti jáde, kò ní yíjú kúrò lára ẹ̀ fún ọgbọ̀n sẹ́kọ́ǹdì, torí pé èèyàn lè jáde, kó rẹ́rìn-ín, kó ní òun wà dáadáa, kó tó wá dákú. Ẹni tó jáde yẹn náà, kó má sáré sọ̀rọ̀, kó di nǹkan mú, kó mí sínú kíákíá, kó dá a dúró díẹ̀, kó tú u, kó tún mí sínú, bí ẹ̀ẹ̀mẹta mẹ́rin, kó tó ṣe nǹkan míì. Ìsinmi lókè gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po méjì iye àkókò tẹ́ ẹ lò nísàlẹ̀, ó kéré tán. Ibí yìí làwọn ọmọ wa ti máa ń kọsẹ̀, ẹja ti sá wọ ihò, ọkàn wọn ti gbóná, wọn ò lè dúró.

Tó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ẹnì kejì yín dákú, ẹ gbé ojú ẹ̀ kúrò lómi, ẹ tú bẹ́líìtì òjé ìdí ẹ̀ (èyí tá a fi ń wúwo ká lè rì) dànù, ẹ yọ máàskì, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú, ẹ gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ pe orúkọ ẹ̀ kẹ́ ẹ sọ fún un pé kó mí. Ọ̀pọ̀ ló máa jí báyẹn. Tí kò bá mí, ẹ fi ẹnu yín fẹ́ ẹ̀mí sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì ńbẹ̀ nínú omi, kẹ́ ẹ máa gbé e lọ sí èbúté, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ CPR, ìyẹn títẹ àyà àti fífẹ́ ẹ̀mí sí i lẹ́nu. Ẹni tó bá jí náà, tó bá ń wúkọ́ tàbí tó ti gbé omi mì, ọsibítù ló ń lọ lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbé e dorí kodò pé ẹ fẹ́ da omi jáde, a máa ń rí i níbi gbogbo, àkókò ló ń fi ṣòfò.

Ẹ gbọ́ èyí náà. Àwọn ìyá kan wà ní erékùṣù Jeju ní South Korea, haenyeo ni wọ́n ń pè wọ́n, òkun ni wọ́n fi ń bọ́ ilé, ọ̀pọ̀ wọn ti di màmá àgbà, UNESCO kọ wọ́n sínú ìwé ogún àjogúnbá lọ́dún 2016. Àwọn ìyá yìí ń wọ omi bíi mítà 10, bí ìṣẹ́jú 1 ni wọ́n ń lò, wọ́n á jáde, wọ́n á tú èémí pẹ̀lú ohùn kan báyìí bíi fèrè, wọ́n á tún padà. Ìṣẹ́jú kan péré o. Ẹni tó ń fi iṣẹ́ jẹun ò bá ẹnikẹ́ni díje. Stéphane Mifsud ará Faransé, tó ń fi mòòkùn díje, sé èémí fún ìṣẹ́jú 11 àti sẹ́kọ́ǹdì 35 ní 2009, òótọ́ ni, àmọ́ ó sùn lé omi ni láìmira, kò lé ẹja kankan, àwọn èèyàn sì yí i ká.

Ó yá, etí. Etí ló máa kọ́kọ́ dá yín padà. Láti bíi mítà 2 lẹ ó ti máa mọ̀ ọ́n lára, torí omi ń ti awọ etí wọnú, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi afẹ́fẹ́ tì í padà látinú. Èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni kéèyàn di imú kó fẹ́ ẹ, bá a ṣe máa ń ṣe nínú bààlúù. Valsalva ni wọ́n ń pè é, ó ń ṣiṣẹ́ lókè, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti dorí kodò tí omi ti tẹ àyà yín, kò ní sí afẹ́fẹ́ tó lágbára láti fẹ́ mọ́. Èyí tó dáa jù ni Frenzel: ẹ di imú, ẹ ti ọ̀fun pa bí ẹni tó fẹ́ gbé nǹkan wúwo, kẹ́ ẹ wá fi ahọ́n ti afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́nu sókè sẹ́yìn, ikùn ò gbọ́dọ̀ mì rárá. Ẹ máa fi dánrawò níwájú dígí nílé, tàbí nínú danfó, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ àfi tójú yín bá ń ṣe wọ́nkọwọ̀nkọ. Ẹ ṣe é kó tó dùn yín, tó bá ti ń dùn yín ó ti pẹ́. Tí kò bá ṣí, ẹ gòkè, kò sí pé màá fipá ṣe é. Ẹni tí kàtá bá ń yọ lẹ́nu, kó dúró sílé kó jẹ láfún ẹ̀. (Ẹni tára ẹ̀ dá náà, kò gbọ́dọ̀ jẹ láfún àti ewédú yó kó wá dorí kodò, ẹ fún un ní wákàtí 3.)

Nítorí etí àti ojú náà ni mi ò ṣe kì í gba gọ́gù púùlù, èyí tó ń bo ojú nìkan, láyè. Máàskì gbọ́dọ̀ bo imú, kẹ́ ẹ lè máa fi imú fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i bẹ́ ẹ ṣe ń lọ sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa fa ojú yín jáde ni, ẹ ó jáde tí ẹyinjú á pọ́n bí ata rodo. Snorkel, ọ̀pá tẹ́ ẹ fi ń mí lójú omi, sì ní láti kúrò lẹ́nu kẹ́ ẹ tó wọlé.

Ọ̀rọ̀ irú omi ló kàn báyìí, òun sì ni mo torí ẹ̀ kọ gbogbo èyí, torí àwọn kan ti kọ́ṣẹ́ ní ilẹ̀ òkèèrè, nínú òkun tó mọ́ lóló, wọ́n wá dé, wọ́n gbé ẹrù kan náà wọ omi wa. Ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò, àmọ́ èèyàn ò lékè ní gbogbo omi bákan náà. Omi iyọ̀ wúwo ju omi odò lọ, fún gbogbo 1,000 kílò omi odò, òkun jẹ́ nǹkan bí 1,025. Ó dà bíi pé kò tó nǹkan, àmọ́ ẹ ṣírò ẹ̀, ẹni tó jẹ́ kílò 80 tòun tẹrù ẹ̀, bíi kílò 2 ni ìyàtọ̀ ẹ̀ máa jẹ́. Ìyẹn ni pé bẹ́líìtì òjé tó bá a mu gẹ́lẹ́ ní òkun Èkó, tó bá gbé e dé odò Ọ̀yán láìyọ kílò 2 kúrò, òkúta ló so mọ́dìí. Bẹ́ ẹ ṣe máa dán an wò rèé: ẹ dúró lóòró nínú omi, ẹ tú èémí jáde bẹ́ ẹ ṣe máa ń tú u, ẹ má fipá tú u, tí orí yín bá rì wọlé lọ, òjé yín ti pọ̀ jù. Ẹ yọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá dákú, òkè ló ti ń dákú, ẹ fẹ́ kí ara yín léfòó fúnra ẹ̀ lásìkò yẹn. Ìdè bẹ́líìtì náà, èyí tẹ́ ẹ lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo fà tú ni kẹ́ ẹ rà, ọwọ́ òsì tàbí ọ̀tún.

Odò Ògùn fúnra ẹ̀ ńkọ́? Látìgbà òjò títí omi á fi tún mọ́, mi ò kì í wọ̀ ọ́, mi ò sì kì í mú ẹnikẹ́ni wọ̀ ọ́. Omi á pupa bíi tíì onímílíìkì, ẹ ò ní rí ọwọ́ ara yín. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀ ni pé ọ̀run lè mọ́ kedere l'Abẹ́òkúta, kí òjò ti rọ̀ lókè lọ́hùn-ún nípìnlẹ̀ Ọ̀yọ́ níbi tódò ti ń bọ̀, omi á kàn wú lójijì. Ní ti Odò Ọ̀yán, dam ló wà níwájú ẹ̀ látọdún 1983, tí wọ́n bá ṣí omi sílẹ̀, ìsàlẹ̀ odò ò dúró gbọ́ àlàyé. Nítorí náà inú ẹ̀ẹ̀rùn ni, December sí bíi March, ẹ sì kọ́kọ́ béèrè. Tí omi bá ń ṣàn, ibi tó ti ń bọ̀ ni kẹ́ ẹ ti wọlé kó máa gbé yín lọ síbi tẹ́ ẹ fẹ́ jáde, kì í ṣe pé kẹ́ ẹ lọ ní ìrọ̀rùn kẹ́ ẹ wá máa bá a jà nígbà tó ti rẹ̀ yín. Tó bá ń fà yín, ẹ má dojú kọ ọ́, ẹ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀díẹ̀ lọ sí etí bèbè.

Omi dam ṣe jẹ́ẹ́, ìyẹn ló fi ń tanni jẹ. Ilẹ̀ tó ní igi ni tẹ́lẹ̀ kí omi tó bò ó, kùkùté lè wà nísàlẹ̀ tẹ́ ẹ ò ní rí àyàfi tẹ́ ẹ bá forí sọ ọ́. Òkè omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ lọ sílẹ̀ mítà díẹ̀ lásìkò kan, ẹ ó kàn kọ lu òtútù bí ẹni ṣí fíríìjì, èémí á já yín gbà. Ẹ̀rù tèmi jù ni àwọ̀n. Okùn àwọ̀n tí àwọn apẹja ń lò báyìí tín-ín-rín, kò hàn lómi rárá, tó bá mú yín lẹ́sẹ̀, ẹ má jà, ẹ má yí po, ẹ yọ ọ̀bẹ, ẹ gé e. Mo máa ń so ọ̀bẹ mọ́ àárín àyà, torí pé èyí tó wà lẹ́sẹ̀, ọwọ́ tí àwọ̀n ti mú ò ní lè dé ibẹ̀. Ẹ̀yìn náà kẹ́ ẹ wá apẹja tó ni àwọ̀n lọ kẹ́ ẹ sanwó ẹ̀ fún un, ẹ jàre. Ibi ìdídò gangan, ibi tí omi ń gbà jáde, ẹ má sún mọ́ ọn rárá, omi tó bá fa èèyàn lẹ̀ mọ́ ẹnu ihò, èèyàn mẹ́wàá ò lè fà á kúrò.

Àti àtọ̀sí ajá, àrùn tó ń mú kéèyàn tọ ẹ̀jẹ̀. Àwọn olùwádìí ti wá sí àwọn abúlé tó yí adágún Ọ̀yán ká léraléra, wọ́n sì rí i pé ó wọ́pọ̀ ńbẹ̀, pàápàá láàárín àwọn ọmọdé. Ìgbín kékeré inú omi ló ń gbé kòkòrò ẹ̀, ibi tómi ti dúró, tí koríko pọ̀, létí bèbè, kòkòrò yìí á jáde lára ìgbín, á gba ara awọ èèyàn wọlé láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ ò ní mọ̀. Ọ̀sán gangan ló máa ń jáde jù. Nítorí náà àárọ̀ la máa ń lọ, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé wa dé ibi tó jìn kúrò létí koríko, a kì í rìn wọlé látìbèbè, a sì ń wọ wetsuit, aṣọ rọ́bà ìwẹ̀, tó bò wá délẹ̀. Kò dáàbò boni tán. Lẹ́yìn bí oṣù méjì, ẹ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì ìtọ̀, tẹ́ ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ ṣáájú ìgbà yẹn ẹ má dúró. Oògùn tó ń pa á wà, praziquantel, dókítà ló máa wọn ìwọ̀n yín. Ẹ má lọ máa mu àgbo lórí ẹ̀ fún ọdún kan.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ọ̀jìjì. Ẹja yẹn, iná mànàmáná ló wà lára ẹ̀, èyí tó bá tóbi lè tó 350 volts, kì í sábà pa èèyàn, àmọ́ kéèyàn wà ní mítà 5 pẹ̀lú irin lọ́wọ́, kó fi gún ọ̀jìjì nínú ihò, iṣan á ká, èémí á bọ́ lẹ́nu. Mo ti ṣe é rí lẹ́ẹ̀kan. Ó tó. Ẹja tẹ́ ẹ ò bá rí orí àti ìrù ẹ̀ nínú ihò, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹni tó bá ti mọ odò á rò pé òkun á rọrùn torí pé ó ń gbéni léfòó. Rárá o. Odò ń lọ sápá ibì kan ṣoṣo, òkun ń lọ, ó ń bọ̀, ó tún ń yí. Ìgbì tó ń lu etíkun Èkó, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ti òkèèrè wá, láti gúúsù Àtìláńtíìkì níbi tí ìjì ti dá a sílẹ̀, nítorí ẹ̀ lẹ ṣe lè dé ibẹ̀ lọ́jọ́ tí atẹ́gùn ò fẹ́ rárá kẹ́ ẹ bá ìgbì tó ga ju èèyàn. Láti bíi May sí September, mi ò kì í yọjú síbẹ̀. Tí omi bá ń wọ́ yín jáde sí agbami, ẹ wẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ etíkun títí ẹ ó fi bọ́ nínú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọrí sílẹ̀. Tarkwa Bay ni mo máa ń mú àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ lọ nítorí òkúta tí wọ́n kó dí ìgbì ńbẹ̀, àmọ́ ọ̀nà tí ọkọ̀ ojú omi ńlá ń gbà wọ Apápá kò jìnnà, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Tí òkun bá ń fà, omi ọ̀sà dúdú ló ń tú jáde, ẹ ò ní rí nǹkan, ìgbà tó bá ń kún padà lomi ń mọ́ díẹ̀. Ibi tómi ọ̀sà àti omi iyọ̀ bá ti pàdé, ẹ ó rí i tí gbogbo nǹkan á máa gbọ̀n lójú yín bí ooru tó ń jáde lójú títì ọ̀sán, kì í ṣe ojú yín ló ń ṣe é, omi méjì ni ò tíì pò pọ̀, òjé yín náà á sì yí padà nínú ẹ̀.

Ọ̀kọ̀ ni gbogbo èèyàn fẹ́ gbọ́, mo mọ̀. Lódò wa, ọ̀kọ̀ onígi gígùn tó ní rọ́bà lẹ́yìn ni kẹ́ ẹ lò, speargun, ìyẹn ìbọn tó ń yin ọ̀kọ̀, ò wúlò níbi tẹ́ ẹ ò ti rí ju mítà 2 lọ, ẹ ó ta á kọjá ibi tí ojú yín dé, ẹnì kejì yín sì lè wà ńbẹ̀. Lókun níbi tó mọ́, ẹ lè lo speargun, inú omi ni kẹ́ ẹ ti fa rọ́bà ẹ̀, inú omi náà ni kẹ́ ẹ ti tú u kẹ́ ẹ tó gòkè sínú ọkọ̀. Ẹ má nà án sẹ́nikẹ́ni láé, bó ti wù kó jẹ́ òfìfo. Máàskì ń sọ ẹja di ńlá, ó sì ń mú un sún mọ́, ẹja tó wà ní mítà 4 á dà bí ẹni wà ní 3, òun ló ń jẹ́ kí àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ tètè yìn ín, òun náà ló ń jẹ́ kí ẹja tí gbogbo wa pàdánù máa tóbi jù èyí tá a mú lọ. Ẹni tó dúró nínú ọkọ̀ tó ń wo ẹja látòkè, tiẹ̀ yàtọ̀, ẹja jìn ju bó ṣe rí i lọ, ìsàlẹ̀ ẹja ló máa fojú sùn, àwọn apẹja àtijọ́ mọ̀ ọ́n láìka ìwé fíṣíìsì kankan.

Okùn tẹ́ ẹ so mọ́ ọ̀kọ̀, ẹ so orí ẹ̀ kejì mọ́ kẹ́ẹ̀gì tó ń léfòó lókè, ẹ má so ó mọ́ ara yín, ẹja kúta tó bá tóbi á wọ́ yín lọ. Kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ pupa tàbí òféèfèé, kí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì lè rí i pé èèyàn wà lábẹ́. Ẹja tẹ́ ẹ bá pa, ara kẹ́ẹ̀gì ló ń gbé, kì í ṣe ìdí yín, ẹ̀jẹ̀ ẹja ń pe àlejò lókun. Epìyà tó bá kó ọmọ sẹ́nu, ẹnu ẹ̀ á wú, kì í fẹ́ sá, ẹ má gún un. Ibi tí wọ́n bá ní òrìṣà ló ni ín, ẹ bọ̀wọ̀ fún un, nígbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo wọn ò gbà kéèyàn pẹja rárá. Ẹ wá baálẹ̀ àti àwọn apẹja rí kẹ́ ẹ tó ki ẹsẹ̀ bọ omi wọn, àwọn ló mọ ibi tí àwọ̀n wà, àwọn ló mọ̀ bóyá wọ́n ti rí ọ̀nì ńbẹ̀ lóṣù tó kọjá.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ l'Abẹ́òkúta, púùlù ni kó kọ́kọ́ lò fún bí oṣù méjì, kó lè wẹ 200 mítà láìdúró, kó mọ Frenzel, kó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹni tó dákú jáde, kó ṣe é títí á fi sú u. Lẹ́yìn náà kó máa tẹ̀ lé okùn lọ sísàlẹ̀, mítà 5, mítà 8. Ọ̀kọ̀ ló kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ máa ń fẹ́ ra ọ̀kọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n fowó yẹn ra máàskì tó bá ojú wọn mu, kí wọ́n fi èyí tó kù ra ẹja l'ọ́jà Lafẹ́nwá, á pọ̀ ju èyí tí wọ́n máa pa lọ́dún yẹn lọ.

Ọ̀rẹ́ mi tó dákú lọ́jọ́sí, páàtì mọ́tò ló ń tà báyìí. Kì í wọ omi ju orúnkún lọ, ó ní òun àti Yemọja ti parí ọ̀rọ̀. Tí mo bá ń lọ Ọ̀yán, òun ni mo máa ń gbé okùn lé lọ́wọ́ nínú ọkọ̀. Á máa ka sẹ́kọ́ǹdì sókè, kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, tí mo bá sì ti yọrí, tí mo ti mí, tí mo ti ní mo wà dáadáa, ó ṣì ń kà á lọ títí á fi dé ọgbọ̀n.